Ìwọ̀n Ẹyin Àrìnkẹ́

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, Àhmọ́dù Dúrójayé kì í fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ àfi tó bá ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun àti Kàdíját ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọbìnrin ni, Àrìnkẹ́ sì ni wọ́n ń pè é. Adìẹ ni Àhmọ́dù ń sìn ní Ayégbajú-Èkìtì. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún adìẹ òyìnbó tó ń yé ẹyin ló kó sínú ọgbà lẹ́yìn ilé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè náà tí kì í ta ẹyin rẹ̀. Kàdíját ní tirẹ̀ ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí ojú pópó.

Nígbà tí Àrìnkẹ́ wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ inú ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí Àhmọ́dù ti ń ṣa ẹyin sínú kéréètì, ọmọ náà mú ọ̀kan, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọláńgidi, ẹyin sì fọ́ sí i lára. Kí bàbá rẹ̀ tó yíjú padà, ó ti lá ìka, ó sì ti fi ọwọ́ ra ojú. Kò pẹ́ tí gbogbo ara rẹ̀ fi sú, ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ méjèèjì dí, mímí rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí Àhmọ́dù sáré gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú, ìyẹ́ adìẹ ló kún orí ọmọ àti aṣọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn rí nìyẹn. Obìnrin kan tó ń ta oògùn lápá ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ìyẹ́ adìẹ ni ara ọmọ náà kọ̀. Ẹni kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni kẹta gbà á, títí ó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè nípa rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó rántí ẹyin tó fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Àhmọ́dù ti ṣòfin fún ara rẹ̀. Ó fi páànù yí ibi ìwẹ̀ kan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, Kàdíját sì rán aṣọ ìkélé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tó bá ti ìdí adìẹ dé, á wẹ̀ níbẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, á tún wá wẹ̀ nínú ilé. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn. Bí Àrìnkẹ́ bá gbàgbé, tó sáré lọ pàdé rẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, á ní kó dúró níbẹ̀ ná. Nígbà tó yá, ọmọ náà kì í sáré mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, á juwọ́ sí bàbá rẹ̀ láti ibẹ̀.

Síbẹ̀, àìsàn náà ń padà wá. Ó wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ kan tí wọ́n ti jẹ mọ́ínmọ́ín, bẹ́ẹ̀ Kàdíját ti yọ ẹyin inú rẹ̀ dànù kó tó fún un, nítorí Àrìnkẹ́ kò fẹ́ràn ẹyin láti kékeré. Tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu, ṣe ló máa ń tu ú jáde. Ó tún wá lọ́jọ́ tí wọ́n pín kéèkì nílé ẹ̀kọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ṣẹlẹ̀, Àhmọ́dù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi ara rẹ̀ kiri. Ó lè jẹ́ fìlà tó gbàgbé sórí àga. Ó lè jẹ́ sálúbàtà. Ó sun fìlà kan tó fẹ́ràn gan-an nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kàdíját kò dá a lẹ́bi lọ́jọ́ kan rí, ṣùgbọ́n Àhmọ́dù máa ń rí i tó ń wo ẹsẹ̀ òun bí òun bá ti ń wọlé.

Ọdún tí Àrìnkẹ́ pé mẹ́fà, kéèkì tún dé ilé ẹ̀kọ́. Ti ọ̀tẹ̀ yìí le. Nígbà tí olùkọ́ fi máa pe Kàdíját lórí fóònù, ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ já gaara mọ́. Wọ́n wá ọkọ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, dókítà ọ̀dọ́ kan jókòó ti àwọn òbí, ó ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà fún òun, àtèyí tó jẹ nígbà ìsọmọlórúkọ, àtèyí tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Kàdíját dé ibi tó ti sọ pé ọmọ náà máa ń tu ẹyin jáde láti kékeré, dókítà náà dáwọ́ ìwé kíkọ dúró.

Ó ní àlẹ́jì ni. Àhmọ́dù rò pé Àlájì ni ó pe òun, ó sì fèsì pé òun kò tíì lọ sí Mẹ́kà. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní àìsàn ni òun ń wí, pé ara àwọn èèyàn kan máa ń bá oúnjẹ tàbí nǹkan tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan jà bí ìgbà tó rí ọ̀tá. Ó ní àyẹ̀wò kan wà tó lè fi ohun náà gan-an hàn, ó sì júwe dókítà kan fún wọn ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tó ní irú àìsàn yìí ló dojú kọ.

Lójú Àhmọ́dù, adìẹ ló fà á, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ti bá oníbàárà kan ní Ìkọ̀lé sọ̀rọ̀ pé kó wá kó gbogbo adìẹ náà. Kàdíját gbọ́ nígbà tó ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é ná. Tó bá jẹ́ adìẹ ni, èmi fúnra mi ni màá ṣí ilẹ̀kùn ọgbà fún ẹni tó fẹ́ rà á."

Wọ́n ní Àrìnkẹ́ kò gbọdọ̀ lo Píríton, oògùn ara yíyún, fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àyẹ̀wò, torí oògùn náà kì í jẹ́ kí awọ ara sọ òótọ́. Ọ̀sẹ̀ tó gùn ni. Kàdíját ń gbọ́ mímí ọmọ láàárín ìró ẹ̀rọ rẹ̀, Àhmọ́dù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sùn lọ́dọ̀ Sẹ̀ríyà, ẹ̀gbọ́n Kàdíját, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lọ rí dókítà.

Dókítà Ògúntádé ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tó ga, tó máa ń jókòó sórí àpótí kékeré kí ojú òun àti ojú ọmọ lè dọ́gba. Ó fi báírò kọ nọ́ńbà sí apá Àrìnkẹ́ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ó kán omi oògùn díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ orúkọ wọn bó ti ń kán an: wàrà màlúù, ẹ̀pà, ẹja, ẹyin, eruku ilé, ìyẹ́ adìẹ. Ó wá fi abẹ́rẹ́ tíntín gún ojú awọ fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí omi náà wà. Àrìnkẹ́ kò sunkún. Ó ní kí wọ́n tún sọ èyí tó jẹ́ ti ẹja fún òun. Dókítà ní kí gbogbo wọn jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọmọ náà má sì yún ún.

Ibi kan ṣoṣo ni Àhmọ́dù ń wò ní gbogbo àkókò náà, ibi tí wọ́n kán ìyẹ́ adìẹ sí, nítòsí ọrùn ọwọ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́jú. Kàdíját ni ó rí i pé ibòmíràn ló ń wú. Ó wú, ó pupa, títí ó fi tóbi tó bọ́tìnnì kóòtù. Dókítà mú rúlà, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ti eruku ilé wú díẹ̀. Nígbà tó dé ìdí ọrùn ọwọ́, ó fi ìka nu ibẹ̀.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbí. Ìyẹ́ adìẹ kò ṣe ọmọ yín ní nǹkan kan. Funfun ẹyin ni ara rẹ̀ ń bá jà."

Àhmọ́dù bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó tún ibẹ̀ wò. Dókítà fa apá ọmọ náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ojú awọ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Àhmọ́dù ní, "Ṣé mo lè gbé e?"

"Ẹ lè gbé e, Bàbá Àrìnkẹ́. Kò sígbà tí ẹ ò lè gbé e rí."

Àhmọ́dù dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé orúnkún bàbá rẹ̀. Àrìnkẹ́ kò mọ ibi tí òun ì bá fi ọwọ́ sí, ó le gbagidi ní apá rẹ̀, ó sì fi ẹnu sí i létí.

"Dádì, ṣé ẹ ti wẹ̀?"

Ó ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé Sẹ̀ríyà, níbi tí kò sí adìẹ kankan. Ó ní, "Mo ti wẹ̀." Kàdíját kọjú sí fèrèsé, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ìborùn náà kò tú.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ayégbajú, kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀ dáadáa ni Àhmọ́dù ti mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí ọgbà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì fi èdè ìlú wọn sọ fún un bí ẹni ń fi ilé han àlejò pé, "Ibi uṣẹ́ mi rè é." Àrìnkẹ́ wọlé, ó dúró láàárín adìẹ tó ń ké yí i ká. Ẹyin nìkan ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kò sí ohun tó ṣe é. Lọ́jọ́ náà ni Àhmọ́dù pe oníbàárà Ìkọ̀lé pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Àmọ́ ẹyin ṣì wà nínú ohun púpọ̀ tí ọmọdé ń jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣọ́ ọmọ títí ayé. Dókítà Ògúntádé ti ṣàlàyé ìtọ́jú kan fún wọn. Ó ní àwọn yóò máa fún Àrìnkẹ́ ní ẹyin gan-an, díẹ̀ tó kéré débi pé ara kò ní bá a jà, àwọn yóò sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ. Ó ní ewu wà níbẹ̀, òun kò ní fi pa mọ́. Òru kan kò tó fún àwọn méjèèjì láti rò ó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rò ó kí wọ́n tó gbà.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́, Ìbàdàn ni wọ́n ti fún un, lójú dókítà. Funfun ẹyin tí wọ́n ti sè, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Wọ́n pò ó mọ́ ògì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Kàdíját fi bèèrè bóyá nǹkan wà nínú ṣíbí náà lóòótọ́. Wọ́n kó ìyókù fún wọn lọ sílé pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré kan, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ pàjáwìrì sí itan. Lóṣooṣù ni wọ́n ń padà lọ kí dókítà lè fi kún un. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó le: ọmọ gbọ́dọ̀ ti jẹun kó tó lò ó, tí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí ó ń wúkọ́, wọn kò gbọdọ̀ fún un, lẹ́yìn tó bá sì ti lò ó, kò gbọdọ̀ sáré tàbí fò fún wákàtí méjì.

Àhmọ́dù ní òun ni yóò máa ṣe é. Lójoojúmọ́, tó bá ti kírun àsárì tán, á wọn ẹyin, á pò ó, á fún un, àwọn méjèèjì á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí méjì, ojú Kàdíját lára wọn láti ìdí ẹ̀rọ. Lákọ̀ọ́kọ́ wọn kò mọ ohun tí wọ́n lè bára wọn sọ. Àhmọ́dù á bi í nípa ilé ìwé, Àrìnkẹ́ á dáhùn bí ẹni ń dá olùkọ́ lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tó tún yá, Àrìnkẹ́ ń fi kóòmù kékeré ya irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ sí méjì, ó ń so ó ní rọ́bà aláwọ̀ pupa, Àhmọ́dù sì ń fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn tó bá ń kọjá lóhùn láìtijú. Ó ń sọ fún un nípa adìẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa ń jà, èyí tó máa ń yé ẹyin sí kọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan, bó ti ń so rọ́bà náà, ọmọ náà ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan.

Ó ní, "Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá na ọwọ́ yín sókè pé kí n dúró, mo rò pé èmi ni mò ń rùn."

Àhmọ́dù gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á mọ́ra, ó gbé àgbọ̀n lé e lórí, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí wákàtí méjì fi pé, ó sì tún kọjá. Nígbà tó sọ ọ́ fún Kàdíját, ó sọ ọ́ ní ìdajì, kò lè parí rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ni ohun tí dókítà sọ ṣẹlẹ̀. Ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Àrìnkẹ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ wú u lẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Àhmọ́dù fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ náà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọmọ náà fi fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń wú. Ó bì, mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àhmọ́dù sáré mú abẹ́rẹ́, àmọ́ ìdérí rẹ̀ kọ̀ láti ṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Kàdíját gbà á, ó ní kó di ọmọ mú, ó sì gún un sí itan ọmọ láti orí aṣọ. Ìgbà tí wọ́n dé Ìdó, tí dókítà ní ewu ti kọjá, ni Kàdíját tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí ó sunkún.

Ó ní ó tán, òun kò ṣe mọ́. Dókítà Ògúntádé bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, ikọ́ ló fà á, kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ díẹ̀ kí wọ́n sì padà sí ìdajì ìwọ̀n náà, ní ilé ìwòsàn Ìdó lójú àwọn dókítà. Kàdíját kò fẹ́ gbọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti òṣùwọ̀n náà mọ́ inú àpótí aṣọ. Àhmọ́dù kò bá a jà. Àrìnkẹ́ ni ó bi léèrè ìdí tó fi fi ikọ́ pa mọ́.

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní tí òun bá sọ, wọn kò ní fún òun ní ẹyin, tí wọn kò bá sì fún òun ní ẹyin, bàbá òun kò ní jókòó ti òun.

Kàdíját wà ní ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbọ́. Àhmọ́dù sọ fún ọmọ náà pé láti òní lọ, ẹyin wà o, ẹyin kò sí o, wákàtí méjì lẹ́yìn àsárì jẹ́ tirẹ̀. Ó ní kó tún un sọ kí òun gbọ́. Ó tún un sọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàdíját ṣí àpótí, ó gbé òṣùwọ̀n náà padà sórí tábìlì, ó sì ní láti ìsinsìnyí lọ, òun ni yóò máa gbọ́ àyà ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó wọn nǹkan kan.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ fún un ní ìdajì ìwọ̀n náà ní Ìdó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe bá a lọ. Àwọn oṣù kan wà tí wọn kò fi kún un rárá. Àwọn oṣù kan wà tó ń yára. Oṣù kejìdínlógún ni Dókítà Ògúntádé gbé odidi ẹyin sísè kan ka iwájú Àrìnkẹ́ ní Ìbàdàn, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó ní kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àhmọ́dù àti Kàdíját jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn mì, tí kò sí nǹkan tó wú, tí mímí rẹ̀ kò yí padà, gbogbo wọn ń wò ó pé kí ló máa sọ.

Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ṣé nítorí èyí ni gbogbo wàhálà yìí? Kò dùn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní dídùn tàbí àìdùn, ó gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kí ara rẹ̀ má bàa gbàgbé, kí abẹ́rẹ́ náà sì ṣì máa wà nítòsí.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Dára, ọmọ kíláàsì Àrìnkẹ́, ń ṣe ọjọ́ ìbí, kéèkì sì dé ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò Ìbàdàn, orí àga kan lẹ́bàá olùkọ́ ni wọ́n máa ń fi Àrìnkẹ́ sí pẹ̀lú bísíkíìtì tí ìyá rẹ̀ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, Kàdíját ti sọ fún olùkọ́ pé kó jẹ́ kó jẹ ẹ́ bíi tàwọn yòókù. Láàárọ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ ra òwú ní Ìkọ̀lé. Àhmọ́dù náà ní òun ń gbé ẹyin lọ sí Àsin.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, Kàdíját dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́, báàgì tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ há a lábíyá. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀kadà ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fi ti ògiri, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì fara pamọ́ sẹ́yìn obìnrin tó ń ta ìrèké.

Àhmọ́dù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé ibí ni wọ́n ń ta òwú Ìkọ̀lé báyìí?"

"Ọ̀nà Àsin ló gba ibí?"

Wọ́n jọ fojú sí àárín wáyà ọgbà. Àrìnkẹ́ wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí lórí àga kankan. Ó ti jẹ kéèkì tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́ sára aṣọ Dára, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ èyí tó kù nínú páálí. Àwọn òbí rẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n tú àwọn ọmọ síta láti ṣeré, Àrìnkẹ́ rí wọn. Ó wá bá wọn níbi wáyà náà, kéèkì ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò yín."

Wọ́n ní ó dáa, àwọn ń lọ. Wọ́n yí igun ọgbà náà ká, sí apá ibi tí kò ti ní rí wọn. Àhmọ́dù ra ìrèké, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin náà, ó ń bó o, ó ń gé e fún ìyàwó rẹ̀ ní kéékèèké, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí aago ilé ẹ̀kọ́ fi lù.